Ilé Tó Jókòó sí Ojú Ọ̀nà Odò

Ọkùnrin kan wà. Jókòó dáadáa, Àdìgún, yé wo fóònù yẹn. Mo mọ̀ pé ìwọ ni alága káńsù wa, mo sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń dúró dè ọ́ nínú mọ́tò níta. Kí wọ́n dúró. Àbúrò ìyá rẹ ni mí, mo sì ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fi ìdajì etí gbọ́ lọ. O wá sọ fún mi pé ẹ fẹ́ gbé ilé ìwòsàn àwọn aláboyún àti ọmọdé kúrò lẹ́yìn ọjà, kí ẹ lọ kọ́ tuntun sí ẹ̀bá títì márosẹ̀, àti pé ẹ máa pe ará ìlú sí ìpàdé ní ọjọ́bọ̀ láti gbọ́ ohùn wọn. Mo ti gbọ́. Mo sì ti gbọ́ pé típà ti já yanrìn síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà, fún mi ní etí méjèèjì.

Ọkùnrin kan wà, láyé ìgbà tí a ṣì ń fi amọ̀ mọ ilé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, apá rẹ̀ le, kò sì mọ ọ̀lẹ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Mo fẹ́ kí o fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ìtàn rẹ̀ kò ní wúlò fún ọ.

Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ fẹ́. Ọmọbìnrin náà fẹ́ ẹ, ìyá ọmọbìnrin fẹ́ ẹ. Bàbá ọmọ kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó fẹ́ rí. Ó ní kí ó kọ́ ilé, kí òrùlé wà lórí ilé náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun kò ní fa ọmọ òun lé ẹni tó máa gbé e sábẹ́ igi lọ́wọ́. Bí òjò bá bá a láìní òrùlé, ó parí nìyẹn. Aránṣọ kan sì wà ní àdúgbò tí òun náà ń wo ọmọbìnrin yìí. Aránṣọ ní ilé, ó ní òrùlé, eyín rẹ̀ sì funfun. O rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Ẹ̀yin ọmọ sìmẹ́ńtì, ẹ kò mọ bí a ṣe ń mọ ilé amọ̀. Ẹnì kan kì í dá a mọ. Wọn a pe ọ̀wẹ̀. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò á gbé ọkọ́ wá, wọn á wú ilẹ̀ pupa jọ, wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀, wọn á mọ ọ́n ní ìpele kan yí ilé ká. Ìpele yẹn á gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó pe ọ̀wẹ̀ mìíràn fún ìpele tó kàn. Àwọn obìnrin ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀ náà. Ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ á gún iyán, á wá ẹmu. Bí omi bá dúró, gbogbo rẹ̀ dúró. Bí òjò bá sì rọ̀ sórí ògiri tí kò tíì ní òrùlé, ògiri á padà di ilẹ̀ tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ tí bàbá ọ̀dọ́kùnrin yìí fi sílẹ̀ fún un wà ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ọ̀nà tóóró kan gba àárín ilẹ̀ náà lọ sí odò. Ọ̀nà náà ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ rìn ín. Obìnrin ló ń rìn ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ọkùnrin kì í pọn omi nígbà yẹn, nítorí náà ọkùnrin wa yìí kò kà á sí ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, ibi tí koríko kọ̀ láti hù nínú ilẹ̀ bàbá òun ni.

Ó mú èèkàn àti okùn, ó wọn ilé rẹ̀ bó ṣe wù ú, yàrá mẹ́fà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ náà gé ọ̀nà odò sí méjì.

Àwọn obìnrin dé láàárọ̀, wọ́n bá kòtò lójú ọ̀nà. Kí ni wọ́n ṣe? Àdìgún, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Wọ́n kí i.

“O kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ìyá mi.”

“Ilé á tù ọ́ lára o.”

“Àmín o.”

“Ọlọ́run á bá ọ parí ẹ̀. Wàá gbé ọmọ jó níbẹ̀.”

“Àmín, àmín. Ẹ ṣé gan-an ni.”

Wọ́n yí padà, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé baba ọdẹ kan lọ sí odò.

Ọ̀nà ẹ̀yìn ilé baba ọdẹ yẹn, ó jìn, ẹ̀sìsì kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ń jó ènìyàn lẹ́sẹ̀. Baba ọdẹ sì ní ajá. N kò lè sọ iye tí wọ́n jẹ́ fún ọ, nítorí àwọn tó ń sá fún wọn kò dúró kà wọ́n. Fojú inú wo obìnrin tó gbé ìkòkò omi lórí, tí ajá ń lé e bọ̀ nínú ẹ̀sìsì. Bó ṣe ń lọ ni omi ń dà.

Ọkùnrin wa kò mọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn ní tirẹ̀. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní, “Màmá, gbogbo ìlú ló fọwọ́ sí ilé mi.”

Ìyá rẹ̀ ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Ó ní, “Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kí mi. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò gbàdúrà fún mi.”

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Ó ní, “O kú iṣẹ́.” Ó gbé ìkòkò tirẹ̀ náà, ó gba ẹ̀yìn ilé baba ọdẹ lọ.

Má bínú, jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ta ni á kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i? Bí mo bá jí tí mo bá ọ tí o ń gbẹ́ kòtò sáàárín yàrá mi, màá kọ́kọ́ kí ọ kú iṣẹ́ kí n tó pariwo olè. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí mú gbogbo “o kú iṣẹ́” tó gbà, ó kó wọn jọ, ó pè wọ́n ní “bẹ́ẹ̀ ni”.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ kìíní pé. Àwọn ọkùnrin dé pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n wú ilẹ̀ pupa jọ, ó ga. Wọ́n dúró de omi. Omi kò dé. Wọ́n fi ara ti ọkọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kejì. Omi kò dé. Wọ́n ní ó dáa, kí wọ́n kúkú jẹ iyán ná. Wọ́n jẹ iyán tán kí omi tó dé, nígbà tó sì dé, ìlàjì ìkòkò ni, ìdámẹ́rin ìkòkò ni. Amọ̀ tí ó yẹ kí ó rọ̀ le bí ẹ̀kọ àná. Ìpele tí wọ́n mọ ní ọjọ́ yẹn kò ga ju kókósẹ̀ lọ.

Inú bí ọkùnrin wa. Ó gé ọ̀nà omi, ó sì ń bínú pé omi kò tètè dé. Ó ní àwọn obìnrin ìlú yìí ya ọ̀lẹ. Ó ní wọn kò fẹ́ ìlọsíwájú. Gbólóhùn kejì yẹn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan lórí rédíò lóṣù tó kọjá. N kò ní dárúkọ. Jẹun lọ, ẹ̀pà yẹn ṣì kù.

Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní oúnjẹ ni kò tó. Ní ọ̀wẹ̀ kejì, ó pa ewúrẹ́. Àwọn ènìyàn pọ̀ sí i. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n yin ọbẹ̀. Omi kò yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Baba ọdẹ ti ra ajá mìíràn.

Ìgbà yìí ni ó wá pe ìpàdé. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, ó pe tọkùnrin tobìnrin, ó dìde, ó sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé ilé náà fún wọn: ibi tí fèrèsé máa wà, ibi tí àlejò máa jókòó, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó ṣàlàyé ìdí tí omi fi ṣe pàtàkì fún amọ̀. Ó ń ṣàlàyé omi fún àwọn tó ń pọn ọ́n. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ṣé ẹ ní ìbéèrè?”

Ọbẹ̀ ti ń ta sánsán lẹ́yìnkùlé. Wọ́n wo ìpìlẹ̀ tó jìn. Wọ́n wo ògiri tó ti ga dé orókún lójú ọ̀nà wọn. Ọ̀rọ̀ wo ni ènìyàn fẹ́ bá ògiri tó ti dúró sọ?

“Kò sí ìbéèrè o. O kú làálàá.”

“Ṣé a ti fẹnu kò?”

“A ti fẹnu kò.”

Wọ́n jẹun, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n lọ. Ó sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ti gbọ́ ohùn ará ìlú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìjì ń gbé eruku lọ́sàn-án, àwọn àgbà ń gbé ojú sókè kí wọ́n tó jáde. Ògiri ṣì wà ní ìbàdí. Bàbá ọmọbìnrin kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó wo ògiri, ó wo òkè ọ̀run, ó sì ní, “O kú iṣẹ́.” Ó lọ. Aránṣọ tí mo sọ yẹn ti rán bùbá tuntun fún ìyá ọmọ, ó ní ẹ̀bùn ni. Ọkàn ọkùnrin wa kò balẹ̀ mọ́. Kò lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà á gan-an pé ilé náà àti ìyàwó náà máa bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọ̀wẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pọn omi. Ó lọ. Ó pẹ́. Nígbà tó dé, ìkòkò ṣófo, ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ ti ya, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nítorí ẹ̀sìsì.

Ọkùnrin wa ní, “Omi dà?”

Ó ní, “Ó wà lára aṣọ mi. Wá fún un jáde.”

Gbogbo ọ̀wẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ kì í kúkú gba ọ̀nà odò tààrà?” Ó na ìka láti fi ọ̀nà náà hàn án. Ìka rẹ̀ kan ògiri ara rẹ̀.

Ó wo ìka rẹ̀. Ó wo ògiri. Ó wo gbogbo wa tá a dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin ni mí, ìyá mi wà lára àwọn tí ajá ń lé.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ kí mi.”

Ọmọbìnrin náà ní, “Ìwọ yìí, ṣé ká kọjá láì kí ọ ni? Ṣé wọ́n ní a kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni? Ó dáa, ta ni nínú wa lo bi ní nǹkan kan?”

“Mo bi yín lábẹ́ igi ọsàn.”

“O bi wá bóyá ògiri tó ti dúró dára. A ní ó dára. Ó dára. Ojú ọ̀nà ló wà.” Ó gbé òṣùká lé e lórí, ó gbé ìkòkò lé òṣùká. “Ó yá, lọ pọn omi.”

Há, Àdìgún! Ìbá wù mí kí o ti rí i. Ọkùnrin tó lágbára báyìí, tí ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìkòkò. Ó kọjá nínú ẹ̀sìsì, ó ń họ ara. Ajá baba ọdẹ jáde. Wọn kò tíì rí ọkùnrin tó gbé ìkòkò rí, inú wọn dùn. Ó dé odò láìní ìkòkò, láìní bàtà, pẹ̀lú òṣùká nìkan lọ́wọ́.

Àwọn obìnrin wà létí odò. Wọ́n kí i. Kí lo rò pé wọ́n máa ṣe? “O kú ìrìn o.”

Ó jókòó sórí òkúta. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ó ṣe yẹ kí ilé náà rí?”

Wọ́n ní, “Kò sí wàhálà, ọmọ wa.”

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó dìde nígbà náà ni, kì bá tí gbọ́ nǹkan kan, ì bá sì lọ máa sọ pé òun ti béèrè. Kò dìde. Ó jókòó, ó dákẹ́. Wọ́n pọn omi, wọ́n fọ ẹsẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá kan tó ti darúgbó bojú wò ó, ó ní, “Ọmọ yìí, ṣé lóòótọ́ ni o fẹ́ gbọ́, àbí o fẹ́ ká dákẹ́ dáadáa?”

Ó ní, “Mo fẹ́ gbọ́, ìyá mi. Mi ò ní ibòmíràn láti lọ.”

Ọ̀rọ̀ bá tú jáde. Olúwa mi ò! Àwọn kan ní kí ó wó gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní kí ó gbé ilé gun òkè pátápátá. Ọ̀kan ní ọ̀nà àtijọ́ fúnra rẹ̀ kò dára, pé ó máa ń yọ̀ lásìkò òjò, pé ibẹ̀ ni òun ti ṣubú nígbà tí òun wà nínú oyún, pé ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun kí ọ̀nà gba ìdí igi agbálùmọ̀. Òmíràn ní irọ́ ni, pé ẹni tó ni agbálùmọ̀ kì í gbá ibẹ̀, ẹ̀gbin á wọ̀ wá lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ni agbálùmọ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n pariwo lé ara wọn lórí. Wọ́n bú ara wọn díẹ̀. Orí ọkùnrin wa fẹ́ fọ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé ní wákàtí yẹn, ajá baba ọdẹ wu òun jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n kò sá.

Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, gbogbo wọn bá a gòkè wá. Ó yọ èèkàn rẹ̀, ó kó okùn, ó fi lé àwọn obìnrin náà lọ́wọ́. Àwọn ló na okùn. Wọ́n gba ìdí agbálùmọ̀, ẹni tó ni ín sì ṣèlérí lójú gbogbo ayé pé òun á máa gbá a. Ó ku pé yàrá ìkángun méjèèjì ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ lọ, kí ìkòkò lè kọjá lábẹ́ etí òrùlé láì gbá igi àjà. Àwọn kan ṣì ní kí ó kúkú gbé ilé lọ sókè. Ó ní rárá, kò lè ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni sàréè bàbá òun wà. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bínú. Ó gbọ́ wọn tán kí ó tó kọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri ọwọ́ òsì. Ó dùn ún. N kò ní parọ́ fún ọ, ó dùn ún wọra. Yàrá tí ó fẹ́ fi gba àlejò wà níbẹ̀. Ó wó o.

Láti ọjọ́ kejì, omi dé. Ó dé títí àwọn ọkùnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ rọra o, ẹ fẹ́ rì wá ni?” Ìpele ń gun ìpele. Ògiri ga dé èjìká, ó ga kọjá orí. Wọ́n to igi àjà. Ó ku páànù.

Òjò kò dúró de páànù. Ó dé lọ́sàn-án, pẹ̀lú ìjì, nígbà tí kò sí ẹnì kankan nídìí ilé bí kò ṣe ọkùnrin náà. Ó dúró sáàárín ilé tí kò lórí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń wo ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ní ó ti tán. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun sunkún, pé òjò ló bo òun láṣìírí.

Lójijì ni ó rí ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti ìdí agbálùmọ̀ pẹ̀lú ẹní tí ó fi ń sùn. Ìyá yẹn kò kí i. Ó na ẹní bo orí ògiri, ó dì í mú. Òmíràn dé pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ni agbálùmọ̀ gbé ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ wá. Ìyá mi mú aṣọ ìbora wa, òtútù sì mú wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ọkùnrin dé. Baba ọdẹ dé pẹ̀lú awọ ẹran, àwọn ajá rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó ráyè sá fún wọn. Gbogbo wọn dúró yí ilé náà ká nínú òjò, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ń di nǹkan mú sórí ògiri.

Bàbá ọmọbìnrin náà wá wò ó. Ó wá láti sọ pé ṣebí òun ti sọ. Ó bá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀, omi ti rin wọ́n gbingbin.

Ó ní, “Ta ló pe ọ̀wẹ̀ yìí?”

Ìyá arúgbó náà ní, “Kò sẹ́ni tó pè é. Bọ́ agbádá rẹ, wá di etí ẹní yìí mú. Ògiri wa ń tutù.”

Ó bọ́ agbádá. Ó di etí ẹní mú títí òjò fi dá. Nígbà tó dá, apá ń ro ó, omi ń jò nírùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Mo ní kí òrùlé wà lórí rẹ̀ kí òjò tó dé. Mo ti rí òrùlé. Ọwọ́ mi wà lára rẹ̀.” Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù tó parí. Aránṣọ ló rán aṣọ ọkọ. Èyí kì í ṣe ẹ̀bùn, ó gbowó rẹ̀ pé.

Ìwọ wá ńkọ́, alága?

O ń kọjá nínú mọ́tò, wọ́n ń juwọ́ sí ọ, “Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ o!” O ń kó o jọ. O pè é ní ìfọwọ́sí. Ìpàdé tí o fẹ́ ṣe ní ọjọ́bọ̀, abẹ́ igi ọsàn ni. Ìwọ á ṣàlàyé, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gba ìrẹsì àti omi tútù, wọ́n á lọ. Ní ọdún tó ń bọ̀, ilé ìwòsàn tuntun á ṣófo, ìwọ á sì tún lọ sórí rédíò lọ bínú.

Àwọn wo ló ń lo ilé ìwòsàn yẹn? Ìyálọ́mọ tó ń tajà ni. Ó ní kí ẹnìkejì bá òun wo àtẹ, ó pọn ọmọ, ó gba abẹ́rẹ́ fún un, ó padà sídìí ọjà. Bí o bá gbé e dé ẹ̀bá márosẹ̀, ó di ọ̀kadà. Bóyá mo ṣì wí. Bóyá àwọn aláboyún tó ń ti abúlé bọ̀ ń gbàdúrà kí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n má baà wọ àárín ìlú mọ́. N kò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀, Àdìgún, pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ. Àwọn tó mọ̀ ń kí ọ lójú ọ̀nà, o kò sì tíì bi wọ́n ní nǹkan kan.

Pe àwọn onítípà kí wọ́n dúró ná. Ìyẹn ni àkọ́kọ́, nítorí kò sí ẹni tó máa bá yanrìn tí ẹ ti já sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà, lọ sí ilé ìwòsàn yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ. Má mú akọ̀ròyìn lọ, má pa àtíbàbà. Wá bẹ́ǹṣì, jókòó láàárín wọn. Wọ́n á ní kò sí wàhálà. Má dìde. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárín ara wọn. Má dìde. Èyí tí o bá lè ṣe, ṣe é. Èyí tí o kò bá lè ṣe, sọ fún wọn lójú, kí o sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí nǹkan kan kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Bí ó bá dùn ọ́, jẹ́ kí ó dùn ọ́. Nígbà tí òjò bá dé, ìwọ á rí ẹni tó máa gbé ẹní jáde.

Ó yá, dìde, wọ́n ti ń fọn fèrè mọ́tò. Kí ìyàwó rẹ fún mi. Kí o sì gbọ́ èyí kí o tó lọ: mo kí ọ kú iṣẹ́ nígbà tí o wọlé. Má lọ sọ ní káńsù pé mo ti fọwọ́ sí i.